Ẹgbẹ́ ìmọ̀ràn fún àwọn tó ń ṣe fídíò lẹ́yìn iṣẹ́ oòjọ́: ẹ má jẹ́ kó ju èèyàn mẹ́fà lọ

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ ni mí n'Ìbàdàn. Òpin ọ̀sẹ̀ ni mo máa ń ya fídíò oúnjẹ ilẹ̀ wa sórí YouTube, mo kàn fẹ́ràn rẹ̀ ni, kì í ṣe torí owó. A jẹ́ mẹ́rin tí a jọ ń ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀: ọ̀kan ń kọ́ èèyàn bí a ṣe ń wé gèlè, ọ̀kan ń gbin ẹ̀fọ́ sínú àpò, ẹ̀kẹta wà ní London, àlọ́ ló ń pa fún àwọn ọmọdé. A fẹ́ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí a ó ti máa gba ara wa nímọ̀ràn. Ẹgbẹ́ WhatsApp tí mo wà tẹ́lẹ̀ ju igba èèyàn lọ. "Subscribe fún mi kí n subscribe fún ẹ" ni wọ́n ń pariwo láàárọ̀ àti lálẹ́. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi rí ìdí tí àwọn èèyàn fi ń pa fídíò mi tì kó tó dé ìdajì. Báwo ni ká ṣe bẹ̀rẹ̀ tiwa tí kò fi ní dà bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ̀yin mẹ́rin yẹn ti tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ lè fi ẹni méjì kún un kó di mẹ́fà, ṣùgbọ́n ẹ dúró síbẹ̀. Bí ẹ bá ń pàdé ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, tí iṣẹ́ ẹni méjì ń wá síwájú ìpàdé lẹ́ẹ̀kan, ẹni mẹ́fà á yí ká láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Bí ẹ bá di méjìlá, oṣù mẹ́ta ló máa gbà kó tó tún kan ẹnì kan, ẹni tí kò sì tètè kàn kì í pẹ́ tí ó fi ń ṣe bí ẹni tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ kò dáa. Kí ẹ má sì dín sí mẹ́rin. Lọ́jọ́ tí iná bá lọ ládùúgbò ẹnì kan, tí dátà ẹlòmíràn sì tán, ẹni méjì péré ló máa kù, ìyẹn ti di ìtàkùrọ̀sọ.

Àáró ni kí ẹ fi ṣe, ẹ má fi ṣe ọ̀wẹ̀. Ẹni tó bẹ ọ̀wẹ̀ a se oúnjẹ, wọ́n a bá a ṣiṣẹ́, ó parí. Nínú àáró, ẹni tí wọ́n wá sóko rẹ̀ lónìí mọ oko tí òun ń lọ lọ́la, ó sì mọ̀ pé iye wákàtí tí wọ́n lò lóko òun ni òun náà máa lò lóko wọn. Ẹgbẹ́ onígba èèyàn tí ẹ kúrò nínú rẹ̀ kò ní ìtò bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí gbogbo èèyàn fi ń béèrè tí ẹnikẹ́ni kò fi ń ṣe.

Ká tó kúrò lórí ọ̀rọ̀ "subscribe fún mi", ẹ kọ ọ́ sínú òfin yín pé kò sí pàṣípààrọ̀ subscribe, like tàbí ìwò láàárín yín. Àkọ́kọ́, ìlànà YouTube kà á sí ayédèrú, ó sì lè yọ iye náà kúrò tàbí kó fìyà jẹ ìkànnì. Èkejì, ìṣirò rẹ̀ kò lọ síbì kankan. Kí ìkànnì kan tó lè máa gba owó ìpolówó, ó gbọ́dọ̀ ní 1,000 subscriber, kí àwọn èèyàn sì ti fi 4,000 wákàtí wo fídíò rẹ̀ láàárín oṣù méjìlá (tàbí kí Shorts rẹ̀, ìyẹn àwọn fídíò kúkúrú, ní ìwò mílíọ̀nù mẹ́wàá láàárín 90 ọjọ́). 4,000 wákàtí jẹ́ 240,000 ìṣẹ́jú. Ká ní ẹ̀yin mẹ́wàá ń wo fídíò oníṣẹ́jú mẹ́jọ ara yín látòkèdélẹ̀ láìfò ó, 80 ìṣẹ́jú ni fídíò kọ̀ọ̀kan máa mú wá. Ẹ óò ní láti ṣe 3,000 fídíò. Nǹkan mìíràn tó tún burú níbẹ̀ ni pé ẹni tó subscribe torí ìlérí kì í wò. Bí YouTube bá gbé fídíò tuntun yín síwájú rẹ̀, ó máa ré e kọjá, tàbí kó tẹ̀ ẹ́ kó sì jáde ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Àmì tí ìyẹn fi ń ránṣẹ́ ni pé àwọn tó yẹ kó fẹ́ràn fídíò yín gan-an kò fẹ́ ẹ. Ẹ ò wá ní lè ka ìlà tí YouTube ń yà láti fi hàn ibi tí àwọn èèyàn ti kúrò nínú fídíò mọ́, torí àwọn tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe òǹwòran tòótọ́.

Ní ti àwọn tí ẹ máa fi kún ara yín, ohun tí wọ́n ń ṣe fídíò lé lórí kò gbọ́dọ̀ jọ tiyín. Ohun tó yẹ kó dọ́gba ni orí ìkànnì tí wọ́n ń gbé e sí àti ibi tí wọ́n bá iṣẹ́ dé. Ẹni tó ń ṣe TikTok oníṣẹ́jú àáyá ọgbọ̀n àti ẹni tó ń ṣe YouTube oníṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kò ní gbọ́ra wọn yé lórí ìbẹ̀rẹ̀ fídíò. Ẹni tó ti ní 80,000 olùtẹ̀lé máa di olùkọ́ nínú ẹgbẹ́ yín lọ́sẹ̀ kẹta, ó máa sú u lọ́sẹ̀ kẹfà. Ṣùgbọ́n agbẹ̀fọ́ tí kò se gbẹ̀gìrì rí ni òǹwòran tó dára jù fún fídíò gbẹ̀gìrì yín. Alásè ẹlẹgbẹ́ yín á ti mọ ohun tí ẹ fò, á sì dí i fúnra rẹ̀ láìmọ̀. Agbẹ̀fọ́ kò lè dí i, ó máa sọ fún yín pé òun sọnù. Irú ẹni kan ṣoṣo tí a ní kí ẹ má gbà ni ẹni tó ń fi fídíò ta oògùn tó ń wo gbogbo àìsàn. Ẹ ò ní lè gbà á nímọ̀ràn lórí ìmọ́lẹ̀ kí ẹ sì dákẹ́ lórí ohun tó ń sọ.

Ìpàdé gan-an ló wà lọ́kàn wa jù. Google Meet ọ̀fẹ́ máa ń já ní 60 ìṣẹ́jú bí ẹ bá ti pé mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀, Zoom ọ̀fẹ́ máa ń já ní 40. Nítorí náà ẹ lo Meet, kí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan gba ìṣẹ́jú 25, kí mẹ́wàá tó kù jẹ́ ti ìkíni àti ètò ìpàdé tó kàn. Ẹ má wo fídíò nínú ìpàdé. Fídíò tí ẹ bá gbé sójú ìpàdé fún gbogbo èèyàn máa ń gé, ohùn rẹ̀ kì í bá ẹnu mu, ó sì ń jẹ dátà lẹ́ẹ̀mejì. Kí ẹni tó kàn fi lìǹkì ránṣẹ́ ní ọjọ́ márùn-ún ṣáájú, pẹ̀lú ìbéèrè mẹ́ta, kò gbọ́dọ̀ jù bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè tó ṣeé dáhùn ni kó jẹ́. "Kí lẹ rí sí i?" kì í ṣe ìbéèrè, ìyìn ló ń tọrọ. "Ibo ni ọkàn yín ti kúrò níbẹ̀?" ni ìbéèrè. "Ṣé ẹ lè se é lẹ́yìn tí ẹ wò ó tán, àbí ohun kan ṣì ṣókùnkùn?" náà jẹ́ ọ̀kan.

Kí oníkálukú wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kíní, kó má dá a dúró, kó kàn fi ọkàn sí ibi tó ti ń ṣe é bíi kó fò ó. Lẹ́ẹ̀kejì, kó kọ àkíyèsí mẹ́ta sí márùn-ún, kí àkókò wà níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó sì kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí òun tó ń wò, kì í ṣe ìdájọ́. Ká ní fídíò gbẹ̀gìrì oníṣẹ́jú méje ni, àkíyèsí tó wúlò á rí báyìí:

0:00 sí 0:48: ẹ kí wa, ẹ dárúkọ ìkànnì, ẹ ní ká subscribe. N kò tíì rí ẹ̀wà kankan. Ọwọ́ mi ti ń lọ sórí fídíò tó wà nísàlẹ̀.

2:10: ẹ ní ká rẹ ẹ̀wà náà "fúngbà díẹ̀". N kò mọ̀ bóyá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni tàbí òru mọ́jú. Mo dá fídíò dúró níbí.

3:35: fáànù borí ohùn yín. N kò gbọ́ iye epo.

5:20: bí ẹ ṣe ń fi ìjábẹ̀ lu ú yẹn dùn ún wò. Mo dá a padà, mo tún un wò.

Ẹ wò ó pé kò sí "ẹ gbìyànjú" níbẹ̀, kò sì sí "kò dáa" náà. Ẹni tó ni fídíò á fúnra rẹ̀ rí i pé kí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá àkọ́kọ́ fi ọbẹ̀ tó ti jinná hàn nínú àwo, kí ìkíni tẹ̀ lé e. Á rí i pé kí òun pa fáànù, kí òun sì so máíkì kékeré mọ́ àyà ní nǹkan bí 20 sẹ̀ǹtímítà sí ẹnu, dípò kí fóònù máa gbọ́ ohùn láti òdìkejì ilé ìdáná. Kí àkíyèsí wọ̀nyí dé ọwọ́ ẹni tó ń darí ìpàdé ní alẹ́ tó ṣáájú, láìjẹ́ pé ẹnì kan rí ti ẹlòmíràn. Bí ẹ bá jẹ́ kí wọ́n máa bọ́ sójú gbogbo èèyàn lọ́kọ̀ọ̀kan, àkíyèsí kejì máa dà bíi ti àkọ́kọ́, ẹ̀kẹta á kàn kọ "mo fara mọ́ ọn".

Bí ẹ ó ṣe pín ìṣẹ́jú 25 náà, a yá a lára ìlànà tí Liz Lerman, oníjó ará Amẹ́ríkà, gbé kalẹ̀ ní 1990 fún àwọn oníṣẹ́ ọnà tó ń yẹ iṣẹ́ ara wọn wò. Ìṣẹ́jú méjì ni kí oníṣẹ́ fi sọ ibi tó bá iṣẹ́ dé àti ìbéèrè rẹ̀. Mẹ́rin fún ohun tó dúró sọ́kàn àwọn tó wò ó, kí wọ́n dárúkọ ibi pàtó. Mẹ́jọ fún ìbéèrè oníṣẹ́, lọ́kọ̀ọ̀kan. Márùn-ún fún ìbéèrè tí àwọn yòókù ní fún un, ṣùgbọ́n tí èrò kò fara pamọ́ sínú rẹ̀. "Kí lẹ fẹ́ kí orin yẹn ṣe níbẹ̀?" dára. "Kí ló dé tí orin yín fi ń pariwo báyẹn?" kì í ṣe ìbéèrè, èébú tó wọ agbádá ni. Lẹ́yìn èyí, ìṣẹ́jú mẹ́rin fún èrò, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda: "Mo ní èrò kan lórí ìmọ́lẹ̀ ilé ìdáná yín, ṣé kí n sọ ọ́?" Oníṣẹ́ lè ní rárá, kò sí ìbínú. Ìṣẹ́jú méjì tó kù, kí òun fúnra rẹ̀ sọ ohun kan tàbí méjì tó máa yí padà.

Ohun tó máa ń ba ìṣẹ́jú 25 yìí jẹ́ jù ni àwíjàre. "Òjò ló ń rọ̀ lọ́jọ́ yẹn." "Ọmọ mi ló di fóònù mú." Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó ń wò ó ní Àkúrẹ́ kò mọ̀, kò sì ní dúró gbọ́. Kí ẹni tó ń darí ní àṣẹ láti dá a lẹ́nu dúró pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò sí lórí tábìlì lọ́jọ́ náà ni kó darí, kí ipò náà máa yí.

Ìṣòro kejì jẹ́ tiwa gan-an: ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún kò ní sọ fún ẹni tó bí ìyá rẹ̀ lẹ́gbẹ́ pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ gùn jù. Ó máa ní "Ẹ kú iṣẹ́ mà, ó dùn gan-an", ìpàdé á parí. A kò ní kí ẹ pa ọ̀wọ̀ tì, kò sí ẹni tó ní kí a máa fi "o" pe àgbà nítorí fídíò. Ẹ kàn yí ètò ọ̀rọ̀ padà: ẹni tí ọjọ́ orí rẹ̀ kéré jù ni kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, àgbà kẹ́yìn. Bí àgbà bá ti sọ èrò rẹ̀, ọ̀rọ̀ ọmọdé ti di àtakò. Àkọsílẹ̀ àkókò tí a sọ lẹ́ẹ̀kan náà tún ń ṣèrànwọ́ níbí, torí "3:35, n kò gbọ́ iye epo" kì í ṣe ọ̀rọ̀ àfojúdi lẹ́nu ẹnikẹ́ni.

Ṣé fídíò tó ti jáde ni kí ẹ máa yẹ̀ wò, àbí èyí tí kò tíì jáde? Nígbà àkọ́kọ́ tó bá kan ẹnì kan, kó mú èyí tó ti jáde, tó ti lo ó kéré tán ọ̀sẹ̀ kan, kó sì ya fọ́tò ojú ìwé YouTube Studio rẹ̀ (ibi tí ẹni tó ni ìkànnì ti ń rí ìṣirò fídíò rẹ̀) ránṣẹ́: ìlà tó fi hàn iye èèyàn tó ṣì ń wò ní 0:30, àti ibi tí ìlà náà ti já lulẹ̀. Inú ìlà yẹn ni ìdáhùn ìbéèrè tó ń dà yín láàmú wà. Bí àkíyèsí ẹni mẹ́ta bá bọ́ sí ìṣẹ́jú kan náà tí ìlà já, ẹ ti rí ìdí. Bí ìlà bá já níbi tí ẹnikẹ́ni kò kọ nǹkan kan sí, ẹ lọ wo thumbnail (àwòrán kékeré tí èèyàn ń rí kó tó tẹ fídíò) àti àkọlé, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé wọ́n ṣèlérí ohun tí fídíò kò tètè san. Nígbà kejì tó bá kàn án, kó mú èyí tí kò tíì jáde. Ìdí ni pé fídíò tó bá ti bọ́ sórí YouTube kò ṣeé pààrọ̀. Ẹ lè gé apá kan kúrò lára rẹ̀, ẹ lè bo ojú ẹnì kan, ṣùgbọ́n ẹ ò lè tún ohùn gbà sínú rẹ̀. Kó gbé e sókè bí Unlisted. Yàtọ̀ sí pé àwọn tó ní lìǹkì nìkan ló máa rí i, YouTube á ti yẹ̀ ẹ́ wò bóyá orin olórin wà nínú rẹ̀ kí ó tó jáde sí gbangba. Ẹ ránti pé ẹnikẹ́ni tí lìǹkì Unlisted bá tẹ̀ lọ́wọ́ lè wò ó, nítorí náà kò gbọ́dọ̀ kúrò nínú ẹgbẹ́.

Ìfìwéra iye ìwò á fẹ́ wọlé sí yín lára. Ẹ má gbà á láyè. Iye èèyàn tó tẹ fídíò nínú ọgọ́rùn-ún tó rí thumbnail rẹ̀ yàtọ̀ láti ìkànnì sí ìkànnì, YouTube fúnra rẹ̀ sọ pé ìdajì àwọn ìkànnì àti fídíò wà láàárín 2% sí 10%. Fídíò tiyín tó ṣáájú ni kí ẹ máa fi wọn ti ìsinsìnyí. Ní ti ẹni yín tó ń pa àlọ́, bí fídíò rẹ̀ bá wà fún ọmọdé, YouTube máa ti àyè ọ̀rọ̀ ìdáhùn pa lábẹ́ rẹ̀, torí náà kò ní òǹwòran kankan tó lè bá a sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Òun ló nílò yín jù, bóyá kí ẹ fi tirẹ̀ ṣe àkọ́kọ́.

Lórí irinṣẹ́, a kò ní púpọ̀ sọ. Ẹgbẹ́ WhatsApp kan tó. Lìǹkì, ìbéèrè mẹ́ta, àti àkókò ìpàdé nìkan ni kó máa wọ ibẹ̀. Àdúrà àárọ̀, ìpolówó ilẹ̀ àti ohùn tó gùn ju ìṣẹ́jú kan lọ kò gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ fi fídíò gan-an ránṣẹ́, ẹ fi í bíi document, ó gbà tó 2GB. Bí ẹ bá fi í bíi fídíò lásán, WhatsApp máa fún un pọ̀, ẹ ó wá máa bú kámẹ́rà tí kò ṣẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sì fi password rẹ̀ fún ẹlòmíràn nítorí ìrànlọ́wọ́. YouTube Studio ní àyè tí ẹ lè fi ẹnì kan sí bíi Viewer, á rí gbogbo rẹ̀, kò ní lè fọwọ́ kan nǹkan kan.

Kí ẹ má dá owó, ó kéré tán fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Bó bá wù yín láti dá àjọ ra iná tàbí máíkì, ẹ ṣe é lọ́tọ̀, pẹ̀lú ìwé tirẹ̀. Ọjọ́ tí owó bá di ìjà, ìmọ̀ràn náà á bá a lọ. Òfin àìwá ìpàdé kò gbọ́dọ̀ le jù: ẹni tí kò wá lẹ́ẹ̀mejì tí kò sì ránṣẹ́, kó yọ̀ǹda àyè. Ẹni tí kò fi àkíyèsí sílẹ̀ lórí iṣẹ́ ẹlòmíràn, tirẹ̀ máa dúró di ìyípo tó kàn, bó ti wù kó ní ìdí tó. Èyí ni òfin kan ṣoṣo tí ẹ kò gbọ́dọ̀ fi ojú àánú wò, torí òun ló gbé gbogbo rẹ̀ dúró.

Ẹ fi ọ̀sẹ̀ méjìlá ṣe gbèdéke. Bí ẹ bá jẹ́ mẹ́fà, iṣẹ́ kálukú á ti wá síwájú lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́yìn náà kí ẹ béèrè lọ́wọ́ ara yín: kí ni ohun kan tó yí padà nínú fídíò yín? Ẹni tí kò bá rí ohun kan dárúkọ lè lọ láìsí ìjà, ẹgbẹ́ náà sì lè tú ká, kò burú.

Aago London kò gbọ́dọ̀ dà yín rú. Láti ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù kẹta sí ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù kẹwàá, aago wọn àti tiwa jẹ́ bákan náà. Lẹ́yìn ìyẹn, wákàtí kan ni wọ́n fi wà lẹ́yìn wa. Tiwa kì í yí, nítorí náà aago Nàìjíríà ni kí ẹ kọ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ẹ lè fi ránṣẹ́ sí àwọn mẹ́ta náà lálẹ́ òní rèé: "Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ ká máa yẹ fídíò ara wa wò ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, aago mẹ́jọ Nàìjíríà, wákàtí kan péré, fún ọ̀sẹ̀ méjìlá. Kò sí owó, kò sí subscribe-fún-mi. Ẹni tó bá wò fún ẹlòmíràn ni a ó wò fún. Tí ó bá wù yín, ẹ fi lìǹkì fídíò kan tó ti jáde ránṣẹ́ kó tó di ọjọ́ Ẹtì, kí ẹ sì sọ ohun kan tí ẹ fẹ́ mọ̀ nípa rẹ̀."